Àpótí Wáyáfáì Ojú Fèrèsé

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé ìjókòó kì í pẹ́ lára mi. Ọdún púpọ̀ ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Èkó, àwọn ọmọ náà sì máa ń sọ pé bí mo bá ti wọ kíláàsì, ọrùn ló máa ń dun àwọn, nítorí bí mo ṣe ń ti ìhín bọ́ sí ọ̀hún. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, tí mo kó wá sí ilé kékeré tí èmi àti olóògbé ọkọ mi kọ́ sí Mowe, tí mo wá ní mo fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lókè òkun láti orí láptọ́ọ̀pù, ẹ̀rín ni àwọn ọmọ mi bú sí. "Ẹ̀yin, Mọ́mì? Kí ẹ jókòó síwájú ẹ̀rọ fún odidi wákàtí kan?" Mo ní kí wọ́n máa wò mí.

Mo sì jókòó. Íńtánẹ́ẹ̀tì ni kò jókòó.

Akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Méjì bá ẹ̀kọ́ dùùrù lọ, ọ̀kan kó lọ sí ìlú tí aago wọn kò bá tiwa mu mọ́, ìyá ẹ̀kẹrin kàn dákẹ́ ni, kò sọ ìdí. Ó wá ku ẹyọ kan ṣoṣo, ọmọdébìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí bàbá rẹ̀ dàgbà sí Èkó kó tó sọdá. Ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Àìkú la máa ń pàdé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Owó ìfẹ̀yìntì mi máa ń wá nígbà tó bá wù ú, nítorí náà iṣẹ́ ọmọ yìí ló ń gbé oúnjẹ kaná fún mi. Àmọ́ kì í ṣe ti oúnjẹ nìkan. Mo fẹ́ràn ọmọ náà. Bí mo bá kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ kan, á pa ojú dé, á máa sọ ọ́ lábẹ́ èémí títí tí ohùn rẹ̀ á fi dógba. Mo ti kọ́ ọ láti máa kúnlẹ̀ kí mi, ó sì máa ń kúnlẹ̀ tí góńgó orí rẹ̀ nìkan á ṣẹ́ kù lójú ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé yàtọ̀ sí èmi, ta ni òun á tún máa kúnlẹ̀ kí, nígbà tí kò sí àgbàlagbà kankan nílé àwọn, tí bàbá òun sì ní kò pọn dandan. Mo ní kí a ṣí ojú ìwé tó kàn.

Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìyá mi lẹ́nu, mo lọ mú wọn wá láti Ifọ̀. Ifọ̀ ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣòwò elùbọ́ títí wọ́n fi darúgbó, wọn kò sì fẹ́ kúrò níbẹ̀ rárá. Mo ní ó kéré tán, kí wọ́n wá fún ìwọ̀nba oṣù díẹ̀, kí dókítà lè máa wo orúnkún náà. Mùsùlùmí ni ìyá mi. Èmi ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, ìyẹn kò sì dá nǹkan kan sílẹ̀ láàárín wa rí. Mo tẹ́ ẹní ìkírun wọn sí pálọ̀, ní ojú fèrèsé, nítorí apá ibẹ̀ ni wọ́n ń kọjú sí kírun. Mo gbé àga kan tì í fún orúnkún. Mo ra búùtà tuntun àti básíà, kí wọ́n lè máa ṣe àlùwàlá níbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi níta. Mo rò pé mo ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí ọmọ ṣe.

Ojú fèrèsé yẹn kan náà ni àpótí wáyáfáì wà, lórí àpótí ìjókòó kékeré kan. Kò sí ibòmíràn tí mo lè gbé e sí. Ní àdúgbò wa, fóònù kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú ilé. Ẹ̀yìnkùlé, lẹ́bàá kànga, nìkan lèèyàn ti lè fi pe ẹnikẹ́ni. Eríàlì orí òrùlé ló ń bá wa fa íńtánẹ́ẹ̀tì láti òpó tó wà ní apá Ibafo, wáyà eríàlì náà sì gba ojú fèrèsé wọlé, kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná wẹ́wẹ́ mẹ́rin ló wà níwájú àpótí náà, tí wọ́n máa ń ṣẹ́jú tọ̀sántòru.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ tí ìyá mi lò lọ́dọ̀ mi, pálọ̀ ni mo ti ń kọ́ ọmọ náà, láptọ́ọ̀pù wà lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí yẹn gan-an. Ìyá mi ti bálùwẹ̀ jáde, ìró láyà, orí lásán, ewú wọn di kòròbà mẹ́ta mẹ́rin, wọ́n ń wá pọ́dà. Mo rí wọn lójú ẹ̀rọ lẹ́yìn mi. Mo fò dìde.

"Màmá! Ẹ fara pamọ́! Wọ́n ń rí yín o! Wọ́n ń wo gbogbo ilé yìí!"

Mo na ọwọ́ sẹ́yìn bí mo ṣe ń sọ ọ́, sí apá fèrèsé níbẹ̀. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn àga, pẹ̀lú orúnkún yẹn, wọn kò sì dìde títí mo fi parí kíláàsì. Inú bí mi nígbà yẹn pé wọ́n dójú tì mí lójú àwọn ará òkè òkun. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti gbé láptọ́ọ̀pù wọ yàrá, tí mo sì ń ti ilẹ̀kùn. Ìgbì wáyáfáì máa ń gba inú ògiri kọjá dáadáa. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀.

Sátidé tó tẹ̀ lé e ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú, ọmọ náà fẹ́ pe "ọ̀gẹ̀dẹ̀", ẹnu rẹ̀ là, kò sì padé mọ́. Òbírí kékeré kan ń yí po lójú rẹ̀. Mo pa láptọ́ọ̀pù, mo tún un tàn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ pátápátá. Mo gba ilé ìdáná jáde sí ẹ̀yìnkùlé láti pe ilé iṣẹ́ tó ń ta dátà fún wa, orin wọn ni mo sì ń gbọ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí mò ń yí kànga po. Nígbà tí mo padà wọlé, iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣẹ́jú bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ìyá mi jókòó sórí àga wọn, wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà. Mo fọwọ́ kan àpótí náà, ó gbóná bí ara ọmọ tó ní ibà. Mo ní oòrùn ni, mo fa kọ́tìnì.

Lọ́jọ́ Àìkú ó tún ṣe é. Sátidé kejì, ó tún ṣe é. Ohun tó fẹ́ yí mi lórí ni pé láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é. Mo lè wo fídíò láti àárọ̀ di alẹ́. Ó di aago mẹ́rin Sátidé, ó di aago mẹ́rin ọjọ́ Àìkú, ogún ìṣẹ́jú, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, pàrà, ó ti lọ. Mo ra ìwé kan, mo ń kọ àkókò rẹ̀ sílẹ̀. Oorun mi dín kù. Bí mo bá ń fọ abọ́, mò ń ronú rẹ̀. Bí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ní ká gbàdúrà fún ìlú, àpótí wáyáfáì ni èmi ń gbàdúrà fún.

Mo kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru bátìrì sólà. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Mo di ẹ̀bi ru síìmù, mo gba tuntun. Lẹ́yìn náà mo rántí pé mo fún obìnrin aránṣọ tó wà ní ilé kejì ní pásíwọ́ọ̀dù mi nígbà kan, kó lè fi wo àwòrán ọrùn aṣọ. Mo dá a lẹ́jọ́ lọ́kàn mi, mo sì jáde lọ bá a lójú fẹ́ǹsì. Mo ní ẹ̀yin lẹ ń fa dátà mi gbẹ lópin ọ̀sẹ̀. Ó ń wò mí, máṣìnnì ṣì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Mọ́mì, fóònù mi ti bàjẹ́ láti oṣù tó kọjá. Tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ nìkan ló kù tí mò ń lò."

Mi ò tọrọ àforíjì. Mo wọlé, mo pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù, láti ọjọ́ yẹn ni kò sì pè mí ní Mọ́mì mọ́. "Ẹ káàárọ̀ mà" lásán ni mò ń gbọ́.

Mo pe oníṣẹ́ láti Ibafo. Ọjọ́ Túsìdeè ló rí àyè wá, ọjọ́ tí nǹkan ń ṣiṣẹ́ geere. Ó gun òrùlé, ó yí eríàlì díẹ̀ sí ọ̀tún, ó yí i díẹ̀ sí òsì, ó sọ̀kalẹ̀, ó fi fóònù rẹ̀ wo bí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe ń yára tó. Ó ní, "Mà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín lágbára ju tèmi nílé lọ." Mo ní kó dúró di Sátidé. Ó rẹ́rìn-ín. Mo bi í léèrè pé kí ló dé tí àpótí náà ń gbóná, ó ní gbogbo wọn ló ń gbóná, pé ẹ̀rọ ni.

Òun náà ló fún mi ní àlàyé tí mo gbá mú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní ṣé mi ò mọ̀ pé òpin ọ̀sẹ̀ ni èrò máa ń wọ́ lọ sí àwọn àgọ́ àdúrà tó wà lójú títì márosẹ̀ wa yìí? Pé bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn bá gbé fóònù sókè lẹ́ẹ̀kan náà, kí ni òpó kan ṣoṣo fẹ́ ṣe? Mo ní áà, òótọ́ ni! Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti rí bọ́ọ̀sì tó kó àwọn èèyàn tó wọ aṣọ funfun lọ́jọ́ Sátidé, á dà bíi kí n na ọwọ́ dá wọn dúró kí wọ́n pa dátà wọn. Èmi tí mo ti lọ sí àgọ́ bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà, mo wá ń kùn sí àwọn ará mi nínú ìgbàgbọ́.

Ìyá mi kò dá sí i. Wọ́n máa ń wò mí bí mo ṣe ń lọ, tí mo ń bọ̀. "Ọlọ́run á tún un ṣe," wọ́n á wí. Lọ́jọ́ Àìkú kan tí mo ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ lu àpótí náà, wọ́n rọra bi mí pé, "Ṣé inú ń bí àwọn ará ibẹ̀ ni?"

"Kí ni ì bá ṣe tí inú ò ní bí wọn, mà? Wọn ò rí wa! Wọn ò rí nǹkan kan!"

"Alihamudu lilahi," ni ìyá mi wí, wọ́n sì ń bá tẹ̀sùbáà wọn lọ. Mo rò pé wọn kò gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo kan mí kanlẹ̀, mo bọ́ síta.

Lẹ́yìn ìgbà tó já lẹ́ẹ̀kẹwàá, bàbá ọmọ náà fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Ọmọlúwàbí èèyàn ni, ó fi ìkíni bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń bá mi sọ nígbà gbogbo. Ó ní ọmọ òun ń jókòó síwájú ẹ̀rọ tó ti kú, kò sì fẹ́ dìde, torí ó gbà pé Tíṣà ń padà bọ̀. Ó ní ìyẹn ń dun òun. Ó ní bí ó bá tún já ní Sátidé tó ń bọ̀, kí n má bínú, òun á wá ẹlòmíràn. Mo kà á lẹ́bàá kànga, mo tún un kà nílé ìdáná. Ẹsẹ̀ mi kò dúró. Mo gbálẹ̀ ilé tí mo ti gbá láàárọ̀.

Mo tún pe ilé iṣẹ́ dátà náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọbìnrin tó gbé e ní làákàyè. Ó ní, "Mà, bó bá ti já, ẹ má pa nǹkan kan, ẹ má pe ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ síwájú ráútà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ wo èwo nínú iná rẹ̀ ló di pupa. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá sọ fún wa." Mo bi ara mi pé kí ló dé tí n kò ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń sáré lọ nígbà gbogbo, bí ẹni tí ilé ń jó tó ń lọ pe panápaná láìwo ibi tí iná wà.

Sátidé náà dé. Mo ti pèsè ẹ̀kọ́ lórí àwọn mọ̀lẹ́bí: bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò. Aago mẹ́rin lù, ọmọ náà kúnlẹ̀, ó kí mi, a bẹ̀rẹ̀. Ìdajì ojú mi wà lára ọmọ, ìdajì wà lára aago. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń pe ìyá tó bí ìyá ẹni. Mo ní ìyá àgbà. Ó pa ojú dé, ó ń sọ ọ́ lábẹ́ èémí, ojú rẹ̀ sì wà ní dídé bẹ́ẹ̀ tí òbírí yẹn fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Mi ò pa nǹkan kan. Mo já ilẹ̀kùn ṣí, mo sáré sí pálọ̀.

Ìyá mi wà lórí ẹní, wọ́n ń kírun Alásárì. Níwájú wọn gan-an, lórí àpótí ìjókòó kékeré, mi ò rí iná kankan, pupa tàbí èyíkéyìí. Ìborùn òfì ni mo rí. Ìborùn òfì wọn tó dára jù lọ, tó nípọn, tí wọ́n ń tọ́jú fún ọdún Iléyá, tí wọ́n ká sí ìlọ́po mẹ́rin, tí wọ́n fi we àpótí wáyáfáì látòkè délẹ̀, tí wọ́n tún fi etí rẹ̀ há abẹ́ rẹ̀ kó má baà yọ̀.

Mo fẹ́ pariwo. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Ṣùgbọ́n ilé ìyá mi ni mo ti dàgbà, mo sì mọ̀ pé èèyàn kì í bá ẹni tó ń kírun sọ̀rọ̀, èèyàn kì í sì í gba iwájú rẹ̀ kọjá. Àárín ẹní àti ògiri ni àpótí náà wà. Kò sí ọ̀nà tí mo lè gbà nawọ́ mú un tí mi ò ní bọ́ sí iwájú ìyá mi. Mo ro ó pé kí n gba ìta lọ sí ojú fèrèsé; irin àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ló wà níbẹ̀. Mo bá dúró.

Mi ò tíì dúró bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ìrun Alásárì kì í ní ariwo, ètè nìkan ló ń mì, nítorí náà mi ò mọ bóyá ráká kejì ni wọ́n wà tàbí ìkẹta. Wọ́n fi ọwọ́ ti àga, wọ́n rọra jókòó, orúnkún wọn dún. Wọ́n tẹ̀ba. Wọ́n dìde jókòó padà. Ìka ẹsẹ̀ mi ń lu ilẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ kejì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo ń ro ọmọ tó dijú síwájú ẹ̀rọ níbẹ̀ yẹn, mo ń ro bàbá rẹ̀ tó ṣeé ṣe kó ti máa wá nọ́ńbà tíṣà mìíràn. Omi àlùwàlá ṣì wà ní ìsàlẹ̀ básíà. Nígbà tó yá, ìyá mi yíjú sọ́tùn-ún, wọ́n sálámà. Wọ́n yíjú sósì, wọ́n sì rí mi.

"Ṣé ẹ ti ṣe tán lónìí ni?" Wọ́n ti ń na ọwọ́ láti ṣí ìborùn náà.

"Màmá, kí ni ẹ fi bo ẹ̀rọ yìí fún?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tó bi wọ́n ní ohun tó ti mọ̀. "Ṣebí ìwọ lo ní wọ́n ń wo gbogbo ilé. Bó o bá ti wọ yàrá lọ bá wọn, mo máa ń bò ó, kí n tó ká apá aṣọ mi ṣe àlùwàlá. Kí n má baà di ìran nínú ìrun. Bó o bá ti parí, màá ṣí i."

Mo rí ọwọ́ ara mi tí mo nà sẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn. Láptọ́ọ̀pù ni mo rò pé mò ń nà án sí. Mo gbé láptọ́ọ̀pù lọ, mo sì fi ìyá mi sílẹ̀ pẹ̀lú ojú mẹ́rin tó ń ṣẹ́jú.

"Ìborùn òfì, mà?" Ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn.

"Kí n wá fi kí ni bò ó? Àkísà? Àlejò rẹ ni wọ́n."

Ojú tì mí. Ó tì mí débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ẹní wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ìyá tó bí mi fi ń sá fún ojú àwọn èèyàn tí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé Màmá wà nínú ilé. Èmi sì ń bá àwọn oníbọ́ọ̀sì jà lọ́kàn.

A ṣí ìborùn náà. Kò ṣeé fọwọ́ kàn. Mo sọ fún wọn pé ooru ló ń pa ẹ̀rọ náà, pé òun kọ́ ló ní ojú, láptọ́ọ̀pù ni, pé ẹ̀bi tèmi ni. Mi ò rò pé gbogbo rẹ̀ wọlé sí wọn létí. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé nǹkan gbóná. Wọ́n mú abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí wọ́n ṣe ń fẹ́ wa nígbà tí a wà ní kékeré. Iná kan tàn, ó pupa. Èkejì tàn. Mo gbé láptọ́ọ̀pù wá láti yàrá, mo gbé e lé itan mi. Aago mẹ́rin kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni ojú ẹ̀rọ ṣí.

Ọmọ náà ṣì wà níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ jókòó tì í, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ti pinnu: pé òun dúpẹ́ gbogbo akitiyan mi, ṣùgbọ́n. Mo já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́, kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn náà kó ṣe bó ṣe fẹ́. Mo sọ ọ́ tán bó ṣe rí gan-an, mi ò yọ ariwo tí mo pa mọ́ ìyá mi sílẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi ìborùn òfì, ó tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò láyà.

Lẹ́yìn náà ó sọ Yorùbá, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá yín ló ń fẹ́ ẹ̀rọ yẹn? Ìró abẹ̀bẹ̀ ni mò ń gbọ́ yẹn?"

Mo bi ìyá mi bóyá mo lè yí ojú ẹ̀rọ sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n wo àpótí, wọ́n wo láptọ́ọ̀pù, wọ́n wò mí. Wọ́n mú ìborùn òfì tó ṣì gbóná, wọ́n fi bo èjìká, wọ́n tún un tò dáadáa. Wọ́n ní ó yá.

Bàbá ọmọ náà dìde, ó ti àga rẹ̀ sẹ́yìn, a kò sì rí i mọ́. Ògiri nìkan ló kù lẹ́yìn ọmọ rẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ la ti gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ẹ má bínú, mà."

"Dìde, ọkọ mi, dìde. Ọlọ́run á dá ọ sí." Ìyá mi ti gbàgbé abẹ̀bẹ̀ sórí itan.

Ọmọ náà ń wo ilẹ̀, níbi tí bàbá rẹ̀ wà, ó la ẹnu sílẹ̀, ṣùgbọ́n íńtánẹ́ẹ̀tì kò já lọ́tẹ̀ yìí. Kò rí kí bàbá rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Lẹ́yìn náà òun náà sọ̀kalẹ̀ lórí àga, góńgó orí rẹ̀ ṣẹ́ kù. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ìyá àgbà." Mi ò tíì kọ́ ọ ní "ẹ kú ìrọ̀lẹ́". Ẹnu bàbá rẹ̀ ló ti ṣà á.

Ìyá mi fa etí ìborùn wọn, wọ́n sún mọ́ mi, wọ́n sọ ọ́ sí mi létí: "Ṣé wọ́n ti rí mi báyìí?"

"Wọ́n ti rí yín, mà."

Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà pé kí n má yẹ Sátidé tó ń bọ̀, àmọ́ kí a sún un sí aago mẹ́rin ààbọ̀, kí Màmá lè kírun tán. Mo sunkún díẹ̀ nílé ìdáná. Ní ọjọ́ Ajé, mo kọ pásíwọ́ọ̀dù tuntun sínú ìwé pélébé, mo mú un lọ bá aránṣọ náà lójú fẹ́ǹsì. Ó gbà á, ó ní òun dúpẹ́, mà. Kò tíì pè mí ní Mọ́mì títí di bí mo ṣe ń wí yìí.

Pálọ̀ la ti ń ṣe kíláàsì báyìí, kò sì já mọ́. Ìyá mi máa ń jókòó tì wá, ọmọ náà á máa bi wọ́n léèrè nípa Ifọ̀. Mo ti ṣàlàyé àpótí náà fún wọn tó ìgbà mẹ́wàá. Wọ́n ní ó ti yé àwọn.

Ní ọjọ́ Túsìdeè tó kọjá, mo wọlé bá wọn ní pálọ̀ níbi tí wọ́n ti fẹ́ tú gèlè orí wọn, nítorí ooru. Ọwọ́ wọn ti wà nídìí gèlè. Wọ́n kọ́kọ́ yíjú sí ojú fèrèsé, sí àpótí tó ń ṣẹ́jú, kí wọ́n tó yíjú sí mi.

"Kò sí kíláàsì lónìí, àbí?"

"Kò sí, mà."

Wọ́n dúró díẹ̀ sí i, kí wọ́n tó tú gèlè náà.